Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: irú tag wo ni kí n so mọ́ enzyme mi?

Àsàlámù àlékúmù ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Tanke níbí ní Ìlọrin ni mo wà, iṣẹ́ másítàs mi ni. Mo fẹ́ yọ enzyme kan (purotéènì tó ń mú kẹ́míkà yára ṣiṣẹ́) kúrò nínú omi E. coli, ìyẹn bakitéríà, tá a ti fọ́, PEG 4000 (pólímà kan tó ń yọ́ nínú omi) àti iyọ̀ potassium phosphate ni mò ń lò torí kò wọ́n bíi kọ́lọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ya purotéènì sọ́tọ̀, bí NEPA bá sì mú iná lọ ó ṣì máa pín sí méjì fúnra ẹ̀, PEG lókè, iyọ̀ nísàlẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ni enzyme mi ń lọ, níbi tí ọ̀pọ̀ purotéènì tí mi ò fẹ́ wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ so tag, ìyẹn amino acid díẹ̀, mọ́ ọn kó lè gòkè. Tryptophan (W), ọ̀kan lára amino acid tó para pọ̀ di purotéènì, fẹ́ràn PEG gan-an, àwọn olùwádìí ti so (WP)4, ìyẹn tryptophan àti proline (P, amino acid mìíràn) lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀léra, mọ́ enzyme kan tó ń jẹ́ cutinase rí, ó sì gòkè dáadáa. Èmi so W mẹ́rin láìsí proline, enzyme ọ̀hún gòkè díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nǹkan funfun kan ń dì sáàárín ìpele méjèèjì bí awọ ojú ẹ̀kọ, tí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú pípẹ́ẹ̀tì kì í tú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi proline sáàárín wọn ni àbí kí n lo tyrosine, amino acid mìíràn? Ṣé iwájú enzyme ni tag náà máa wà ni àbí ẹ̀yìn? Ọ̀gá mi ní ká kàn pààrọ̀ iyọ̀, èmi ò fara mọ́ ọn, torí àwọn purotéènì yòókù náà lè bá a gòkè. Owó láti ṣe jíìnì ẹyọ kan, tí tag náà máa wà nínú ẹ̀, ló kù lọ́wọ́ mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ṣì í ná.