Àmì & àti &nbsp; ò jẹ́ kí XML mi ṣe é kà

Ọmọ_Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ilé ìtàwé kan ní Dùgbẹ̀ ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Inú Excel ni àkójọ ìwé wọn wà, Python ni mo sì fi ń sọ ọ́ di XML (fáìlì tí àmì bíi `<isori>` ń pín ọ̀rọ̀ inú ẹ̀). Ibi tó ti há nìyí:

`<isori>Àlọ́ & Ìtàn</isori>`

xmllint (irinṣẹ́ tó ń yẹ XML wò) ní "xmlParseEntityRef: no name". Mo wá fi replace sọ gbogbo & di `&amp;`. Ó gbà, ṣùgbọ́n àpèjúwe ìwé tí wọ́n kó látorí ìkànnì wọn àtijọ́ ti ní `&nbsp;` (àmì àlàfo kan) nínú tẹ́lẹ̀. Ìyẹn di `&amp;nbsp;`, àwọn oníbàárà wá ń rí &nbsp; gbagada láàárín ọ̀rọ̀. Tí mo bá sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, "Entity 'nbsp' not defined". Ẹnì kan tún ní kí n sọ gbogbo ẹ, ọ, ṣ di nọ́ńbà. Ṣé dandan ni?

Bàbá_Kóòdù (Mọ́kọ́lá):
Àbúrò, jọ̀wọ́ fi replace yẹn sílẹ̀. Orúkọ àmì (entity) márùn-ún péré ni XML bá dáyé: `&lt;` `&gt;` `&amp;` `&apos;` `&quot;`. HTML ló ni `&nbsp;`. Tí kò bá sí DTD (àkọsílẹ̀ òfin fáìlì náà) tó ṣàlàyé ẹ̀, àlejò tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nílé ni.

Fi `html.unescape` tú àwọn àpèjúwe yẹn ná. Àwọn nìkan o! Má fọwọ́ kan orúkọ ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ElementTree (ohun èlò Python fún XML) kọ fáìlì; òun fúnra ẹ̀ ló máa bójú tó & àti <.

Ti nọ́ńbà yẹn, rárá o. Kọ ọ́ báyìí:

`tree.write("iwe.xml", encoding="utf-8", xml_declaration=True)`

Tí o ò bá dárúkọ encoding (ọ̀nà tí fáìlì fi ń tọ́jú lẹ́tà), us-ascii tí kò ní ẹ, ọ, ṣ ló máa lò, lẹ́tà ẹ á sì di `&#7865;`. Kọ̀ǹpútà á kà á láìsí wàhálà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fojú ara ẹ̀ wo fáìlì yẹn máa sunkún.

Àdùkẹ́_Data:
Ẹ̀yin bàbá, CDATA (àpò tí XML kì í tú àmì inú ẹ̀) ńkọ́? Òun lèmi máa ń lò.

Bàbá_Kóòdù (Mọ́kọ́lá):
Kò burú, ìyá, ṣùgbọ́n `]]>` ò gbọdọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. `&nbsp;` tó bá wà nínú CDATA kì í tú o, bó ṣe wà ló máa jáde. Kò yanjú tiẹ̀.

Àdùkẹ́_Data:
Ó yé mi, ẹ ṣé, sà. Ọmọ Bódìjà, tún yẹ lẹ́tà ẹ́ wò. Unicode (ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà) ò ní àmì kan ṣoṣo fún lẹ́tà ẹ́: ẹlòmíì á tẹ ẹ kó tó fi ohùn sórí, ẹlòmíì á tẹ é kó tó fi àmì sísàlẹ̀. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àmọ́ tí èèyàn bá ń wá ìwé, ọ̀kan ò ní jáde. `unicodedata.normalize("NFC", oro)` ló ń sọ wọ́n di ọ̀kan náà.

Ọmọ_Bódìjà:
Ẹ ṣeun gan-an ni. & àti nbsp ti lọ. Ó ku ìwé kan tó ń mú "PCDATA invalid Char value 11" wá.

Bàbá_Kóòdù (Mọ́kọ́lá):
Inú Word ni wọ́n ti dà á kọ, àbí? Àmì tí Word fi ń bọ́ sórí ìlà tuntun nìyẹn. XML 1.0 ò gbà á rárá, kódà `&#11;` ò lè wọlé. ElementTree ò sì ní kìlọ̀ fún ẹ. Fi àlàfo rọ́pò ẹ̀ kó o tó kọ fáìlì: `oro.replace("\x0b", " ")`. Èmi náà ló ní kó o fi replace sílẹ̀, mo mọ̀. Ti ibí yìí yàtọ̀.