Ṣé ìbéèrè ìròyìn tí àwọn ará Íńdíà fi ń dánra wò lè wúlò fún ẹni tó ń gbáradì l'Ékòó?

Ọmọ_Yábàá:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ti iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mò ń gbáradì fún, apá current affairs ni mo sì fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Èyí tí mò ń rí lórí Nàìjíríà kò ju orúkọ mínísítà àti olú-ìlú ìpínlẹ̀ lọ. Ti àwọn ará Íńdíà tó ń ṣe UPSC, ìdánwò iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn, ló kún íntánẹ́ẹ̀tì, ojoojúmọ́ ni tuntun ń jáde, ó sì le dáadáa. Wákàtí kan péré ni mo ní láàárọ̀ kí n tó wọ danfó lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Kí ni kí n mú nínú tiwọn, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Aláùsá:
Àbúrò, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni kó o mú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè wọn, fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ìwé kìíní nínú ìpele àkọ́kọ́ ìdánwò wọn, ìbéèrè 100 ni, wákàtí méjì, máàkì 200. Ìròyìn ló máa ń gbé ìbéèrè dìde, àmọ́ òfin tó wà nídìí ìròyìn náà ni wọ́n máa ń béèrè. Bí ariwo bá sọ lórí ìdìbò ìgbìmọ̀ abúlé, èyí tí wọ́n ń pè ní panchayat, wọn ò ní béèrè ẹni tó wọlé. Àtúnṣe 73 sí ìwé òfin wọn, ti ọdún 1992, ni wọ́n máa lọ bá: ọdún mélòó ni ìgbìmọ̀ ń lò? Ọdún 5. Ọmọ ọdún mélòó ló lè díje? 21. Bí wọ́n bá tú u ká, láàárín oṣù mélòó ni ìdìbò mìíràn gbọ́dọ̀ wáyé? Oṣù 6.

Ṣe tiwa bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, àti pé gómìnà kò lágbára láti fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ rọ́pò àwọn tí aráàlú dìbò yàn. Gé páálí pélébé kan fún ìròyìn yìí, kó o kọ nǹkan mẹ́rin sí i: kí ló yí padà, ta ló lágbára láti yí i padà, abala òfin wo ló dúró lé, báwo ló ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ti ìdájọ́ yìí, abala 7 àti abala 162 ìwé òfin 1999 ló máa wà ní ìlà kẹta. Ìròyìn abẹ́lé tó ò bá rí nǹkan kan kọ sí ìlà kẹta rẹ̀, má fi àkókò ṣòfò lé e lórí.

Wákàtí kan rẹ tó. Fi ogún ìṣẹ́jú kàwé, fi ogún kọ páálí mẹ́ta, kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ, kó o wá fi ogún tó kù dáhùn ìbéèrè tí ìwọ fúnra rẹ kọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ogún ìkẹyìn yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, ohun tó sì ń já wọn kulẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń ka nóòtù kan náà ní àkàtúnkà, ojú rẹ̀ á ti mọ ọ̀rọ̀ náà, á wá rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ó dìgbà tí wọ́n bá yí gbólóhùn náà po kó tó mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ lòun fi ń pọn omi.

Bó o bá ń kọ ìbéèrè, má fi irọ́ gbangba sínú rẹ̀. Oríkèé kan ni kó o yí: ẹni tó lágbára, iye, àkókò, tàbí kó o ki "nìkan" bọ àárín gbólóhùn. Àpẹẹrẹ rèé. Mélòó ló tọ̀nà nínú mẹ́ta yìí?
1. Ìwé òfin 1999 ka ìjọba ìbílẹ̀ 774.
2. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin kà fún Èkó, LCDA 37, àgbègbè ìdàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, kò sí nínú rẹ̀.
3. Abala 7 ló fìdí ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn múlẹ̀.
Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ̀nà.

Ìyá_Amòfin:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún ìdáhùn yẹn ṣe kó má bàa ṣi àbúrò wa lọ́nà. Gbólóhùn kìíní kò tọ̀nà. Abala 3, ìlà 6, ka ìjọba ìbílẹ̀ 768, ó sì ya area council 6 ti Àbújá sọ́tọ̀. Ìgbà tí ẹ bá ro méjèèjì pọ̀ lẹ tó rí 774 tí gbogbo wa ń pè. Méjì ló tọ̀nà.

Bí ìbéèrè "mélòó ló tọ̀nà" ṣe burú nìyẹn. Lọ́dún 2023 ni UPSC lò ó káàkiri inú ìwé kìíní wọn. Nígbà tó jẹ́ "èwo ló tọ̀nà", bí o bá dá irọ́ kan mọ̀, o lè yọ ìdáhùn méjì kúrò lójú ẹsẹ̀. Nínú "mélòó", bí o bá mọ méjì dájú tí ẹ̀kẹta kò sì dá ọ lójú, ṣe lo ṣì ń méfò. Torí náà irú èyí ni kí o máa kọ fún ara rẹ.

Àbúrò, ewu tó wà nínú ìbéèrè àwọn ará Íńdíà ni pé òfin wọn jọ tiwa lójú, àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo àbá òfin owó. Ní ọ̀dọ̀ wọn, Rajya Sabha, tó jẹ́ ilé àgbà, kò lè dá a dúró. Ọjọ́ 14 ni wọ́n ní láti dá a padà tòun ti àbá tí wọ́n bá ní. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn aṣòfin àgbà ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ owó bíi ti àwọn aṣojú-ṣòfin. Bí ilé méjèèjì kò bá fẹnu kò, abala 59 ní kí ìgbìmọ̀ àpapọ̀ wọn jókòó lé e. Ẹ tún wo ìbuwọ́lù. Ọjọ́ 30 ni abala 58 fún Ààrẹ wa, bó bá sì kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan lè sọ ọ́ dòfin láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìwé òfin Íńdíà kò dárúkọ ọjọ́ kankan fún ààrẹ tiwọn. Ẹni tó bá ń fi tiwọn dánra wò lójoojúmọ́, 14 ló máa sọ sí i lọ́kàn níbi tí wọ́n ti ń béèrè 30.

Oníṣirò_Èbúté_Mẹ́ta:
Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ máàkì kún un. Ní UPSC, ìdáhùn tó tọ̀nà gba máàkì 2. Àṣìṣe kan ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, bíi 0.66. Ìbéèrè mẹ́rin tí o méfò pátápátá láàárín ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin, bí ọ̀kan bá bọ́ sí i, o jèrè 2, mẹ́ta tó kù á sì gbà á padà. Òfo ni. Àmọ́ bí o bá ti mọ ìdáhùn kan tí kò lè jẹ́ òun, ìbéèrè mẹ́ta irú ẹ̀ á fún ọ ní 2, á yọ 1.33, èrè díẹ̀ wà níbẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọn kì í fi í méfò àfi bí wọ́n bá lè yọ ọ̀kan kúrò. Nínú tìrẹ, ka ìlànà ojú kọ̀ǹpútà kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá ń yọ máàkì, má fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo.

Ìlà kẹrin orí páálí ẹ̀gbọ́n, "báwo ló ṣe rí tẹ́lẹ̀", òun ni mo fẹ́ràn jù. Ìwọ̀n ọ̀wọ́ngógó ọjà tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, gbé jáde fún oṣù Kejìlá 2024 jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti oṣù Kìíní 2025 jẹ́ 24.48. Ẹni tó ka àkọlé ìwé ìròyìn nìkan á kọ pé ọ̀wọ́ngógó fi ìdá mẹ́wàá rọlẹ̀ lóṣù kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò ni wọ́n gbé kúrò ní 2009 wá sí 2024, wọ́n sì tún ìwọ̀n àwọn ọjà inú agbọ̀n ṣe. A ò lè fi nọ́ńbà méjèèjì wé ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni BRICS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè bíi Brazil, Íńdíà àti Ṣáínà: alábàáṣepọ̀ ni Nàìjíríà láti oṣù Kìíní 2025, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ bíi Íńdíà. Àkọlé ìròyìn kì í yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìdí nìyẹn táwọn ará Íńdíà fi máa ń ka ìwé ìròyìn tán, kí wọ́n tó lọ wo ohun tí PIB, iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba wọn, fúnra rẹ̀ kọ. Ìwọ náà, lọ wo ojú ìwé òfin tàbí ìwé NBS kó o tó kọ nọ́ńbà kankan sórí páálí. Ní Yábàá tó o wà, National Library wà lójú Herbert Macaulay. Fi ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ lọ bá a, kó o yẹ páálí ọ̀sẹ̀ náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ_Yábàá:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì ló kù. Ìròyìn oṣù mélòó ni kí n padà sẹ́yìn lọ kó? Àti àwọn orúkọ olóyè wá ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Aláùsá:
Kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Amòfin fún mi, òótọ́ ni wọ́n sọ, mo ti yí páálí tèmi sí 768 àti 6.

Oṣù méjìlá. Èyí tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, fi í sílẹ̀, àyàfi òfin tàbí ìdájọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Orúkọ olóyè, ojú ìwé kan ṣoṣo, pẹ́ńsùlù ni kó o fi kọ ọ́, má sì há a sórí títí di ọ̀sẹ̀ ìdánwò, torí wọ́n lè yí wọn padà lọ́la. Má ra àkójọpọ̀ oloṣooṣù. Ẹlòmíràn ló ti ṣe iṣẹ́ ọpọlọ inú ẹ̀, kíkà nìkan ló kù fún ọ.

Páálí tó o bá gbà, ó di ọ̀sẹ̀ kan kó o tó tún un wò, lẹ́yìn náà oṣù kan. Èyí tó o bá kùnà, ọ̀la ni. Kọ ìdí tó o fi kùnà sẹ́yìn rẹ̀: n kò mọ̀ ọ́n, mo ṣì í kà, mo méfò. Bí "mo ṣì í kà" bá pọ̀ jù, ìròyìn kíkọ́ kọ́ lo nílò, máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bíi "nìkan" àti "kò" kó o tó dáhùn.

Dídáhùn páálí kò sì gba tábìlì. So mẹ́wàá pọ̀ sínú àpò. Láti Yábàá dé CMS, pẹ̀lú gósúlóò orí Third Mainland, wàá ti yí wọn po lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí àárọ̀ rẹ á sì ṣẹ́ kù fún kíkọ tuntun.