Olórí ọ̀dọ́ ni mí báyìí, ìwé wo ni kí n kà?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NYSC, wọ́n wá fi mí ṣe olórí ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìwé wo ni kí n kọ́kọ́ kà?

Ìdáhùn 1: Àbúrò, kú oríire o! Wá ìwé tí Awólọ́wọ̀ fi sọ ìtàn ara ẹ̀, 1960 ló jáde. Bàbá ẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ó ṣiṣẹ́ oríṣiríṣi kó tó lọ ka lọ́ọ̀yà ní London, òun náà ló wá gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1955, ìyẹn wọ̀ mí lára gan-an.

Ìdáhùn 2: Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ní jọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bó o ṣe ń kà á, máa kọ ohun kan tí wàá fi ṣèwà hù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣé gan-an. Ṣé mo lè rí i yá?

Ìdáhùn 1: Bẹ̀rẹ̀ láti láíbìrì ìpínlẹ̀ yín.