Ẹ má pe ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní “ìdádúró”

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú làálàá. Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá fún ìwé kékeré tí a fẹ́ ṣe fáwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ẹ̀pẹ́ ni mo fẹ́ fèsì sí. Wọ́n ní kí a pe orí tó dá lórí jíìpù tí wọ́n ti fi gíga kún ní “Àtúnṣe Igun Ìdádúró Ẹ̀yìn Lẹ́yìn Ìgbéga”, kí a sì máa pe ọ̀pá tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ ní “ọ̀pá ìdábùú”. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí a bá kọ síbẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ yóò gbé dání wọ abẹ́ ọkọ̀.

“Ìdádúró”, tí wọ́n fi túmọ̀ “suspension” ti Gẹ̀ẹ́sì, ni ti òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Ẹni tó bá rí i pẹ̀lú “ìgbéga” nínú gbólóhùn kan yóò rò pé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ là ń sọ. Síprín àti ṣọ́kì kì í dá ohunkóhun dúró. Ara ọkọ̀ ni wọ́n gbé rù, tí wọ́n sì ń gba kòtò jẹ kó má baà dé ẹ̀yìn èrò. Ní gáréèjì, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ fún un tipẹ́. “Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí ń dún” ni oníbàárà máa ń wí, ọ̀gá á sì bi í bóyá ẹsẹ̀ iwájú ni tàbí tẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká kọ “ìdúró ẹsẹ̀ ẹ̀yìn”: bí ákísù (irin tó so táyà méjèèjì pọ̀), apá (irin tó so ákísù mọ́ ṣaasí, egungun ọkọ̀) àti ọ̀pá ṣe gùn tó, ibi tí wọ́n kọjú sí, àti igun tí wọ́n dá nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí táyà rẹ̀.

Ní ti “ìgbéga”, mo fẹ́ “àfikún gíga”, torí ó ń gba òǹkà láìṣòro: àfikún gíga íǹṣì 2. “Gbígbé sókè” kò sì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, jáàkì ló ni ín.

Ọ̀pá náà ló jẹ mí lógún jù. Lẹ́yìn Prado àti Land Cruiser 80, ọ̀pá gbọọrọ kan wà tí orí rẹ̀ kan so mọ́ ṣaasí, tí ìkejì so mọ́ ákísù ní òdìkejì. Orúkọ Panhard, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ Faransé, ni ayé fi ń pè é. Bó ṣe dábùú ni ẹ̀gbọ́n wa wò tí wọ́n fi sọ ọ́ ní ìdábùú. Ṣùgbọ́n ákísù fúnra rẹ̀ dábùú. Ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà náà dábùú, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni méjèèjì wà. Bí ọ̀gá bá ní “tú ìdábùú”, èwo ni ọmọ yóò tú?

Iṣẹ́ ọ̀pá yìí ni pé kó má jẹ́ kí ákísù yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Mo dábàá “ọ̀pá má-yẹ̀”. Àwọn orúkọ tó wọ̀ wá lẹ́nu, iṣẹ́ tàbí ìró ohun náà ni wọ́n ti wá: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, asọ̀rọ̀mágbèsì, amúlétutù, alùpùpù. Kò sí èyí tí a fi ibi tí wọ́n gbé e sí sọ nínú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ “ọ̀pá” kúrò nínú rẹ̀ o, nítorí lẹ́yìn Land Rover Defender àtijọ́, apá onígun mẹ́ta kan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ọ̀pá.

Ẹnìkan lè ní ọ̀pá má-yẹ̀ gan-an ló ń fa ákísù yẹ̀ bí a bá fi gíga kún ọkọ̀. Òótọ́ ni. Bí ṣaasí bá ṣe ń ròkè, ọ̀pá náà ń dagun sí i, gígùn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ sì ń dín kù, ó wá ń fa ákísù lọ sí ìhà tí orí rẹ̀ ti so mọ́ ṣaasí. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀pá tó gùn ní mílímítà 900 ló wà níbẹ̀, tó sì wà ní pẹrẹsẹ kí a tó fi gíga kún ọkọ̀. Àfikún gíga mílímítà 50 àkọ́kọ́ yóò fa ákísù ní bíi mílímítà 1.4 péré. Ẹ fi 50 mìíràn lé e, èyí nìkan yóò fà á ní 4.2. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí wọ́n fi gíga díẹ̀ kún kì í fi bẹ́ẹ̀ fi hàn, tí èyí tí wọ́n gbé ga gan-an fi máa ń rìn bí ẹni pé ìdí rẹ̀ ń lọ síbòmíràn.

Mo rí ọ̀gá kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde tó so nọ́ọ̀tì mọ́ okùn, tó fi kọ́ etí mọ́gáàdì ẹ̀yìn lọ́tùn-ún àti lósì, tó wá fi téèpù wọn àlàfo láti okùn dé ara táyà. Apá kan fẹ̀ ju èkejì lọ. Ó yọ ọ̀pá má-yẹ̀, ó fi èyí tó ṣeé fà gùn rọ́pò rẹ̀, ó yí i títí àlàfo méjèèjì fi dọ́gba. Ọmọ tó bá mọ̀ pé má-yẹ̀ ni orúkọ ọ̀pá, tó wá rí i pé táyà kan ti yọ síta, kò ní bèèrè ibi tí yóò kọ́kọ́ wò.

“Igun” nìkan kò tó pẹ̀lú. Igun apá wà, igun imú wà. Imú ni ibi tí pínìọ̀nì (jíà kékeré tó ń yí ákísù) ti yọ jáde láti ara ákísù, tí pùròpẹ́là, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wá sẹ́yìn, so mọ́. Níbi tí apá òkè bá kúrú ju tìsàlẹ̀ lọ, àfikún gíga máa ń fa orí ákísù síwájú, imú á sì dorí kodò. Gígùn apá òkè la óò fi kún kó tó padà. Hilux tó ń lo síprín pẹlẹbẹ yàtọ̀: ṣákù (irin tó so ìdí síprín mọ́ ṣaasí) gígùn tí wọ́n bá fi sẹ́yìn síprín ń gbé imú sókè ni, a sì ń fi irin tó nípọn lápá kan, tó tínrín lápá kejì, há àárín síprín àti ákísù. Íǹṣì 2 tí a bá fi kún ṣákù, nǹkan bí íǹṣì 1 ló ń fún ọkọ̀. Níbi tí pùròpẹ́là bá ti ní kúrọ́ọ̀sì (oríkèé tó ń jẹ́ kó lè yí bó tilẹ̀ dagun) kan lórí kọ̀ọ̀kan, igun kúrọ́ọ̀sì méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Kúrọ́ọ̀sì tó bá dagun máa ń mú ohun tó ń yí yára, kó tún falẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú yíyí kan, ìkejì ló sì ń pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Bí wọn kò bá dọ́gba, ọkọ̀ á máa gbọ̀n lórí eré. Ọmọ tó bá ka “igun” lásán lè lọ máa tún igun apá ṣe, kó sì fi imú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ìwé náà tún sọ ọ́ kedere pé a kì í dé nọ́ọ̀tì búùṣì onírọ́bà (ìdè rọ́bà tó wà lórí apá àti ọ̀pá) pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Kó sọ̀kalẹ̀ sórí táyà ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà yóò lọ́ síbẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni dábàá orúkọ fún. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ Hilux, fáàfù kan wà lára ṣaasí tí ọ̀pá tín-ínrín so mọ́ ákísù. Ó ń wo bí ẹrù ṣe tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ tó, ó sì ń fi ìyẹn pín agbára bíréèkì. Bí a bá fi gíga kún ọkọ̀ tí a kò tún ọ̀pá náà tò, fáàfù yóò rò pé ọkọ̀ ṣófo, yóò sì dín bíréèkì ẹ̀yìn kù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù kún inú rẹ̀ dẹ́nu. “Fáàfù awẹrùwò” ni mo gbé síwájú yín. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?