Irin wo ni kí n fi ṣe apá iná iwájú alùpùpù àtijọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ irin lò. Honda CB350 ọdún 1972 ni mò ń tún ṣe. Apá méjì tó di iná iwájú mú lára fọ́ọ̀kì (irin méjì tó di táyà iwájú mú) ti dógùn-ún, ọ̀kan ti jẹ dé ihò bóòtù. Mo fẹ́ rọ tuntun fúnra mi.

Mo ti fi páálí gé àwòṣe rẹ̀, mo gbé e sára fọ́ọ̀kì, mo sì yí ọwọ́ alùpùpù náà sọ́tùn-ún sósì títí ó fi dá mi lójú pé kò ní gún wáyà kankan.

Irin gan-an ló kù. Irin lásán tó nípọn tó mílímítà 3 rọrùn láti tẹ̀ àti láti jó, àmọ́ ó wúwo. Alumíníọ̀mù 6061-T6, oríṣi tó le, fúyẹ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ jù, ó máa ń sán, bí wọ́n bá sì jó o, ojú ibẹ̀ á rọ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí, bí písítìnnì kan ṣe ń gòkè lèkejì ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń gbọ̀n dáadáa. Gbígbọ̀n yẹn ni mò ń bẹ̀rù, torí díẹ̀díẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ alumíníọ̀mù. Lójú tèmi, irin lásán ló máa pẹ́ jù.

Ṣé ẹnì kan ti fi alumíníọ̀mù 5052, oríṣi tó rọrùn láti tẹ̀ ju 6061-T6 lọ, ṣe é rí, tó sì gbà á? Ṣé kí n fi rọ́bà sáàárín apá àti fọ́ọ̀kì? Bí ẹ bá lo rọ́bà, kí lẹ fi sínú ihò rẹ̀ tí bóòtù M8 (onímílímítà 8) kò fi fún un pa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ohun tí ẹ lò ṣe nípọn tó fún mi.