Ta ló ti dé abúlé Kaali ní Estonia rí?

Ará Tartu: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ sọ ìrírí yín. Ṣé Kaali tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wọkọ̀ ojú omi?

Bùkọ́lá Tallinn: Èmi àtàwọn ará ibi iṣẹ́ mi jọ lọ ni. A wọkọ̀ ní Virtsu, ó já wa sí Kuivastu ní erékùṣù Muhu, a wá gba títì orí omi wọ Saaremaa, erékùṣù tí Kaali wà. Abúlé náà ò ju ilé díẹ̀ lọ. Kòtò yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà! Òkúta tó já láti ojú ọ̀run ló gbẹ́ ẹ, ó fẹ̀ tó mítà 110, omi wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ tó yẹ kó sùn sílẹ̀ ló gbórí sókè létí ẹ̀ yẹn.

Jagunlabí: Ọ̀gọ̀dọ̀ lásán.

Ìyá Àríkẹ́: Jagunlabí, ìgbà wo lo lọ? Tí òjò bá dá, omi ẹ̀ máa ń fà gan-an.

Jagunlabí: Oṣù keje ni, mà. Ẹ̀fọn ibẹ̀ ò mọ àlejò.

Ọmọ Akin: Ta ló rí òkúta náà nígbà tó ń já?

Bùkọ́lá Tallinn: Àwọn kan ti rò tẹ́lẹ̀ pé iná abẹ́ ilẹ̀ ló tú síta. Ọdún 1937 ni Ivan Reinwald, ẹnjiníà ìwakùsà, rí èérún irin tó ní nickel nínú, irú èyí tó ń bá òkúta ojú ọ̀run wá, àríyànjiyàn bá tán. Kòtò kéékèèké mẹ́jọ mìíràn ṣì wà nítòsí, ẹ má wo ńlá nìkan kẹ́ ẹ máa lọ.

Baba Ọjà: Ẹdùn àrá nìyẹn 😂

Ọmọ Akin: Òkúta lẹdùn àrá, Baba. Irin lèyí.

Baba Ọjà: Ó di ti Ògún nìyẹn!

Ìyá Àríkẹ́: Ẹ máa ṣeré. Wọ́n rí àpá ògiri òkúta àtijọ́ tó yí omi náà ká, wọ́n sì hú egungun ẹran níbẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn kan ní ó jọ ojúbọ.

Jagunlabí: Ṣé gbogbo egungun ló jẹ́ ti ẹbọ ni? Àwọn tó jẹran yó ńkọ́?

Ará Tartu: Ọ̀nà ni mo ń béèrè o! Láti Kuressaare, ìlú ńlá Saaremaa, ńkọ́?

Bùkọ́lá Tallinn: Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 18 lọ. Ẹ háyà mọ́tò, kẹ́ ẹ lè yà sí abúlé Angla wo àwọn ọlọ onígi tí atẹ́gùn ń yí.

Jagunlabí: Kẹ́ ẹ sì mu bíà tí wọ́n ń pọn nílé. Ìyẹn ni mi ò lè bá wọn jiyàn lé lórí.