Ọkàn ọmọ nígbà ìrọbí, ẹ wá sọ èyí tójú yín rí

Ìyá Àkọ́bí, Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Oyún àkọ́kọ́ mi ni, ìrọbí ti mú mi láti òru, nígbà tó máa fi di ọ̀sán mo ti wà ní lébà wọ́ọ̀dù, mi ò lè jókòó, mi ò lè dìde. Nọ́ọ̀sì kan wá, ó gbé Sonicaid, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, lé mi níkùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lásìkò tí ìrora lọ sílẹ̀, ó ní "136, ara ọmọ le," ó bá tiẹ̀ lọ. Kò parọ́ o, ohun tó gbọ́ ló sọ.

Ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì pààrọ̀ ni màmá kan wọlé, fèrè onígi tó rí bíi kàkàkí kékeré yẹn lòun ń lò. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ wá ibi tí ẹ̀yìn ọmọ wà, ó gbé e síbẹ̀, ó fetí lé e, ó wá jọ̀wọ́ ẹ̀, etí nìkan ló fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó wá di ọrùn ọwọ́ mi mú. Mo ní mà, kí lẹ ń dì mí lọ́wọ́ mú fún, ó ní "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá tìẹ ni mò ń gbọ́ àbí tọmọ." Ìrora tún dé, mo rò pé ó máa dìde, kò dìde o, ó fetí síbẹ̀ títí tó fi lọ, ó tún dúró, ó ń wo aago. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní ọkàn ọmọ já wá sí 90 lẹ́yìn tí ìrora ti lọ, ó sì pẹ́ kó tó gòkè padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ó pa dírípù tó ń lé ìrora wá, ó pariwo pe dókítà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe, omi inú ilé ọmọ ti di àwọ̀ ewé, ọmọ ti yàgbẹ́ síbẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ké. Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ewu ọmọ, ọmọ mi. Màmá yẹn mọṣẹ́. Tí ilé ọmọ bá fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbi ọmọ á dín kù fúngbà díẹ̀, ọmọ tó lágbára á fara dà á, èyí tó ti ń rẹ̀, ọkàn ẹ̀ á máa falẹ̀ lẹ́yìn tí ìrora bá ti rọlẹ̀, ìdí nìyẹn téèyàn ò fi gbọ́dọ̀ yáa gbé etí kúrò. 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan la ń retí, àmọ́ iye yẹn nìkan ò tó. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ká máa gbọ́ ọ ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 síra, tó bá wá dórí kí ìyá máa ti ọmọ jáde, ìṣẹ́jú 5 síra, ká sì gbọ́ ọ tó ìṣẹ́jú kan gbáko. Tó bá kọjá 160, ẹ wo ara ìyá ná, ibà lè wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbádì, Lọ́ńdọ̀nù

Tèmi, bẹ́líìtì méjì ni wọ́n so mọ́ mi níkùn, ọ̀kan ń gba ọkàn ọmọ, ìkejì ń gba ìrora, bébà ń jáde lára ẹ̀rọ. Ṣàdédé ló di 88, ẹkún bọ́ lójú mi, ọkọ mi ti ń pe Jésù. Agbẹ̀bí sáré dé, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó kà á, 88! Bẹ́líìtì ló yẹ̀, ọkàn tèmi ló ń kọ. Ó tún un so, ó di 145. Màmá, ṣé ká kúkú ra Doppler, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn sílé?

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, Ògbómọ̀ṣọ́

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Tọ́mọ ò bá yí bó ṣe máa ń yí, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wá. Obìnrin kan wá bá wa, oyún oṣù mẹ́jọ, ọmọ ò yí láti ọjọ́ méjì. A ní kí ló dé tí ò tètè wá, ó ní òun lẹ́rọ nílé, àràárọ̀ lòun ń gbọ́ ọmọ òun. Mo gbé tiwa lé e, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ohun tó ń gbọ́ láti ọjọ́ méjì, ọkàn tiẹ̀ ni.